Owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ àtìpó ní Amẹ́ríkà: bí o ṣe máa wá fellowship Paul àti Daisy Soros

Màá máa pè ọ́ ní àbúrò jálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi àgbà hàn ọ́. Òfin fellowship tí mo fẹ́ sọ ló fà á. Ẹni tó bá ti pé ọdún 31 lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti fọ́ọ̀mù pa kò lè gbà á mọ́, èmi sì ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá kàn ọ́, ó lè kan ọmọ rẹ tàbí ọmọ aládùúgbò rẹ. Fi ránṣẹ́ sí i.

Paul Soros àti ìyàwó rẹ̀, Daisy, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1997. Ọmọ Hungary làwọn méjèèjì. Paul sá kúrò nílùú rẹ̀ lọ́dún 1948, ó dé Amẹ́ríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó sì di ẹni tó ń ṣètò bí wọ́n ṣe ń kọ́ èbúté ọkọ̀ òkun káàkiri ayé. 50 mílíọ̀nù dọ́là ni tọkọtaya náà kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Lọ́dún 2010 wọ́n fi 25 mílíọ̀nù kún un. Paul kú lọ́dún 2013, ètò náà kò bá a kú. Ọgbọ̀n èèyàn ni wọ́n ń mú lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n bá mú lè gba tó 90,000 dọ́là láàárín ọdún méjì: 25,000 lọ́dún fún ilé gbígbé, jíjẹ àti mímu, àti ìdajì owó ilé ìwé, tí kò ní ju 20,000 lọ lọ́dún. Kò sí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ̀: òfin, ìṣègùn, orin, ìṣirò, okòwò, oyè ọ̀mọ̀wé nínú ohunkóhun.

Àwọn tó ń du àyè ọgbọ̀n yìí lé ní 2,000 lọ́dún. Vivek Murthy, tó wà lára àwọn tí wọ́n mú lọ́dún 1998, wá di dókítà àgbà fún ìjọba Amẹ́ríkà. Fei-Fei Li, tí wọ́n mú lọ́dún 1999, ti China wá nígbà tó ṣì wà ní girama. Àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ, òun náà sì ń bá wọn dúró níbẹ̀. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ ImageNet, àkójọ àwòrán tí kọ̀ǹpútà fi kọ́ bí a ṣe ń dá nǹkan mọ̀. Mi ò dárúkọ wọn láti fi dẹ́rù bà ọ́. Mo fẹ́ kó o rí irú ojú tí wọ́n fi ń wo ọmọ ọdún 24. Ohun tí ọmọ náà lè dà ni wọ́n ń náwó lé. Ẹni tó bá wá síbẹ̀ bí ẹni tó wá gba àánú ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ilẹ̀kùn tó o máa gbà wọlé

Ẹni tí wọ́n ń pè ní “ará Amẹ́ríkà tuntun” ní ìtumọ̀ tiẹ̀ nínú ètò yìí. Wo èyí tó bá ọ mu. Ọ̀kan ti tó:

- O ní gíríìn káàdì. Ibi yòówù kó o ti gba oyè àkọ́kọ́, ìyẹn kò dí ọ lọ́wọ́.
- Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bí ọ sí, o sì ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà.
- Wọ́n ti fún ọ ní ipò ogunléndé tàbí ti ẹni tó sá wá fún ààbò. “Wọ́n ti fún ọ” ni mo wí o. Ìwé tó ṣì wà lórí tábìlì wọn kò tíì di ilẹ̀kùn.
- O ní DACA, ìyẹn ààbò ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn tí wọ́n kó wá síbẹ̀ láìníwèé nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọmọdé.
- Amẹ́ríkà ni wọ́n bí ọ sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bí bàbá rẹ àti ìyá rẹ sí, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bí i.
- Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bí ọ sí, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn ìwé òkè yìí lọ́wọ́ rẹ, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà lo ti jáde girama, ibẹ̀ náà lo ti gba oyè àkọ́kọ́.

Ka ìlà méjì tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí ibẹ̀ ni omijé wà fún àwa Yorùbá. Ẹni tó jáde girama nílé, tó wá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wá ka máásítà ní Amẹ́ríkà, kò sí nínú rẹ̀, bó ti wù kó mọ̀wé tó. Bákan náà, àwọn bàbá àgbà wa mélòó kan kàwé ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sì kó ọmọ wálé. Bí ọmọ yẹn bá jẹ́ ìyá rẹ, tí ìwọ náà sì jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn ọmọ àtìpó ti tì mọ́ ọ lójú. Béèrè nílé kó o tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ìbí tó wà nínú àpótí ìyá àgbà lè gbà ọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà tí kò ní lérè.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ̀kọ́ wo, níbo?

Èyí kò gùn. Yunifásítì tó wà ní Amẹ́ríkà ni, oyè tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ni, o sì gbọ́dọ̀ máa fi gbogbo àkókò rẹ kà á nínú kíláàsì. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ fún òṣìṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí kéékèèké kò wọ̀ ọ́. Bí o bá ti wọ ọdún kẹta nínú ẹ̀kọ́ náà, o ti pẹ́ jù. Kò di dandan kí ilé ìwé ti gbà ọ́ kó o tó wá fellowship. Ọ̀pọ̀ ló ń wá méjèèjì pọ̀ lásìkò kan náà. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ wà nínú kíláàsì nígbà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹjọ tàbí oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n máa ń ṣí fọ́ọ̀mù nínú oṣù kẹrin, wọ́n á sì tì í ní ìparí oṣù kẹwàá, láago méjì ọ̀sán àkókò New York. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe ọ̀gànjọ́. Bí California lò ń gbé, aago mọ́kànlá àárọ̀ lo ní. Ọjọ́ gan-an wà lórí ìkànnì wọn, pdsoros.org. Ìgbà tó dáa láti bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà ooru ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, kí àwọn olùkọ́ tó wọ wàhálà sáà tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àwọn tó máa jẹ́rìí sí ọ

Lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta pọn dandan. O lè fi méjì kún un. Ẹ̀kọ́ ilé tiwa máa ń dá wàhálà sílẹ̀ níbí yìí. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá mú ẹlẹ́rìí wá, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni ńlá: ọ̀gá àgbà yunifásítì, pásítọ̀ àgbà, sẹ́nétọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mọ̀. Ẹni ńlá yẹn á kọ̀wé pé ọmọ dáadáa ni ọ́, pé o níwà ọmọlúàbí, pé inú òun dùn láti jẹ́rìí sí ọ. Gbólóhùn mẹ́ta, ó tán. Ẹni tó ń kà á á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́.

Wá ẹni tó ti rí ọ níbi iṣẹ́. Olùkọ́ kékeré tí ẹ jọ lo ọdún kan àtààbọ̀ nínú yàrá ìwádìí, tó mọ̀ pé ìwọ lo rí àṣìṣe tó wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, tó rántí ọjọ́ tí iṣẹ́ bàjẹ́ tó o sì wá lọ́jọ́ kejì láti tún un ṣe, lẹ́tà tiẹ̀ wúwo ju ti ọ̀gá àgbà lọ. Mú ẹnì kan tó lè sọ nípa ọpọlọ rẹ, ẹnì kan tó lè sọ nípa ohun tó o ti dá sílẹ̀ tàbí tó o ti tún ṣe láwùjọ, àti ẹnì kan tó ti rí ọ nígbà tí nǹkan le. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá máa sọ ohun kan náà, méjì nínú wọn ti di àṣedànù.

Bí o bá fẹ́ bẹ̀ wọ́n, má yí i po. Ọmọ tó káwọ́ sókè ló ń fẹ́ ká gbé òun. Béèrè báyìí: “Ṣé ẹ rò pé ẹ mọ iṣẹ́ mi tó láti kọ lẹ́tà tó lágbára fún mi?” Ìbéèrè yẹn fún wọn láyè láti kọ̀ láìsí ìtìjú. Ẹni tó bá sì ń ṣe “ó dáa, màá gbìyànjú,” dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kó o wá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà, kọ ìwé ojú kan fún wọn: ìgbà tí ẹ jọ ṣiṣẹ́, ohun tó o ṣe gan-an, ohun tó o fẹ́ lọ kà, àti apá ibi tó o fẹ́ kí lẹ́tà tiwọn dá lé. Kì í ṣe pé ò ń kọ lẹ́tà fún wọn. Ò ń tún ọjọ́ rán wọn létí ni.

Ọjọ́ kan náà ni fọ́ọ̀mù rẹ àti lẹ́tà wọn gbọ́dọ̀ wọlé. Fún wọn ní ọjọ́ tìrẹ, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ gidi. Mo mọ̀ pé ó máa ń nira fún wa láti rán àgbà létí. Rán wọn létí bó ti wù kó rí. Ímeèlì kúkúrú kan, pẹ̀lú “ẹ jọ̀ọ́” àti “ẹ ṣeun,” kì í ṣe àrífín.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àròkọ méjì

Bí o bá ní ọgọ́rùn-ún wákàtí láti fi múra, lo ọgọ́ta níbí.

Àròkọ méjì ni, kò sì gbọdọ̀ sí èyí tó ju 1,000 ọ̀rọ̀ lọ. Àkọ́kọ́ ń béèrè bí jíjẹ́ ọmọ àtìpó ṣe sọ ọ́ di ẹni tó o jẹ́, àti ipa tó ní lórí ohun tó o ti gbé ṣe. Èkejì ń béèrè ohun tó ò ń ṣe lọ́wọ́, ibi tó o dorí kọ, àti ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀kọ́ yìí, ní ilé ìwé yìí, ló máa gbé ọ débẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ti àkọ́kọ́ ni kí ọmọ fi 900 ọ̀rọ̀ sunkún. Òtútù, físà, èèyàn mẹ́fà nínú yàrá kan, ìyá tó ń tọ́jú arúgbó lóru títí ilẹ̀ fi mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka àròkọ yẹn ti ka irú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì lè jẹ́ pé òun náà ti gba fellowship yìí rí, tí ìyá tiẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ òru. Ohun tí kò tíì kà ni ohun tí ìwọ fi gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ká sọ pé bàbá ọmọbìnrin kan jẹ́ apòògùn kí wọ́n tó ṣí wá. Ní Houston, bàbá di ẹ̀ṣọ́ òru. Ọmọ náà kọ àròkọ rẹ̀, ó ní: “Bàbá mi jìyà kí n lè kàwé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọdọ̀ já a kulẹ̀.” Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ wa nínú, torí ọmọ tó mọ oore ló lè sọ ọ́. Àmọ́ bàbá nìkan la rí nínú rẹ̀. Ọmọ dà?

Nígbà tó tún un kọ, orí tábìlì ilé ìdáná ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni, aago mẹ́fà àárọ̀ ni, bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé. Òun ló ń ka ìbéèrè FPGEE, ìdánwò tí apòògùn tó kàwé lókè òkun gbọ́dọ̀ yege, sí bàbá létí, bàbá ń dáhùn pẹ̀lú ojú dídì. Ibẹ̀ ló ti ṣàkíyèsí pé ìmọ̀ òògùn kò ṣòro fún bàbá rárá. Owó ìdánwò, ìwé tí yunifásítì ilé kò tètè fi ránṣẹ́, àti wákàtí ìkọ́ṣẹ́ tí kò rí ẹni gbà á fún, ìyẹn ló dá a dúró. Nígbà tó dé yunifásítì, ó kó gbogbo ìgbésẹ̀ náà jọ sójú ìwé kan ṣoṣo fún àwọn apòògùn míràn tó ń wakọ̀ kiri, ó sì rí i pé ibi kan náà ni gbogbo wọn ti ń há. Ní báyìí ó fẹ́ ka òfin, kó lè ṣiṣẹ́ lórí bí ìpínlẹ̀ ṣe ń fún àwọn tó kàwé lókè òkun níwèé àṣẹ. Wò ó: ìyà bàbá ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ la ń tẹ̀ lé. Àròkọ kejì sì ti jáde láti inú àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ó tún ìtàn náà sọ.

Bí o ṣe máa rí irú tábìlì yẹn nìyí. Kó o tó kọ ohunkóhun lédè Gẹ̀ẹ́sì, pe ìyá tàbí bàbá rẹ, kó o sì sọ ìtàn náà lédè Yorùbá. Jẹ́ kí wọ́n já ọ lẹ́nu. Wọ́n á sọ pé “rárá, kì í ṣe bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn,” wọ́n á sì sọ ohun tí wọn ò sọ fún ọ rí. Gba ohùn ìjíròrò náà sílẹ̀ lórí fóònù. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó ní ọjọ́, ibi àti ohun tí ẹnì kan sọ wúlò ju ojú ìwé mẹ́ta tó ń sọ nípa ìfaradà lọ.

Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń yọ wá lẹ́nu: “a.” Wọ́n tọ́ wa pé ẹni tó ń yin ara rẹ̀ ń tẹ́, nítorí náà ohun tí ọmọ Yorùbá dá ṣe fún ọdún méjì, yóò kọ ọ́ pé “a ṣe é.” Tí ìwọ lo ṣe é, kọ “mo.” Tí ẹ jẹ́ mẹ́rin, sọ pé ẹ jẹ́ mẹ́rin, kó o sì sọ apá tìrẹ. Kò sí ìgbéraga nínú ìyẹn. Oríkì lọ̀rọ̀, a kì í ki ẹni tí a ò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun méjì kan wà tí o kò gbọdọ̀ gbàgbé. Má kọ nípa ipò ìwé ẹlòmíràn nínú ẹbí, pàápàá ẹni tí kò ní ìwé, láìgba àṣẹ rẹ̀. Bí o bá sì jẹ́ ẹni tó wá ààbò, ìtàn tó wà nínú àròkọ kò gbọdọ̀ tako èyí tó wà nínú fáìlì ìṣíwọ̀lú rẹ. Fi àròkọ náà han lọ́yà rẹ kó o tó fi sílẹ̀.

Ní ti àròkọ kejì, dárúkọ. Yàrá ìwádìí wo? Kíláàsì wo? Ta ni olùkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ tìẹ? Yọ orúkọ yunifásítì náà kúrò, kó o fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Tí gbólóhùn náà bá ṣì dúró láìmì, tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìyókù fọ́ọ̀mù

CV, àbájáde ẹ̀kọ́ láti gbogbo yunifásítì tó o ti kà, àbájáde ìdánwò ìwọlé bíi GRE, LSAT tàbí MCAT bí ẹ̀ka tó ò ń lọ bá ń béèrè rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbájáde ẹ̀kọ́ tó wà lókè òkun, torí òun ló ń pẹ́ jù. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá fellowship yìí. Ẹni tó bá ní kó o san owó fọ́ọ̀mù, tàbí tó ní òun mọ ẹnì kan nínú wọn, gbájú-ẹ̀ ni.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Nǹkan bí èèyàn 77 ni wọ́n ń pè. Tí wọ́n bá pè ọ́, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò méjì lo máa ṣe, níwájú ìgbìmọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ti ka ìwé rẹ, má tún un kà fún wọn.

Nílé, ọmọ tó tẹjú mọ́ àgbà ni wọ́n ń pè ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Níwájú àwọn wọ̀nyí, ẹni tó ń wolẹ̀ dà bí ẹni tí kò dá ara rẹ̀ lójú. Nítorí náà, fi ojú rẹ kọ́ra kó tó dọjọ́ náà. Jókòó ti ọ̀rẹ́ méjì, kí wọ́n máa bi ọ́ ní ìbéèrè tó le: “Kí ló dé tí ìjọba ò ṣe é títí di òní?” “Tí ilé ìwé yẹn bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?” “Ta ló máa ní ọ̀nà tìẹ kò dáa?” Tí wọ́n bá ta ko ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n fẹ́ rí bó o ṣe ń ronú ni, má kàn sọ pé “bẹ́ẹ̀ ni sà” láti bọ̀wọ̀ fún wọn. Dáhùn ní ìṣẹ́jú kan, kó o sì dákẹ́. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o ò mọ̀ ọ́n.

Bí ilẹ̀kùn yìí bá tì

Tí o bá ṣì wà lábẹ́ ọdún tí wọ́n fẹ́, o lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ àwọn ẹlẹ́rìí rẹ kí wọ́n tún lẹ́tà náà ṣe, má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ti èṣí ránṣẹ́. Fún ẹni tó ń bẹ lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, Knight-Hennessy Scholars, ètò owó ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Stanford, kì í wo orílẹ̀-èdè ẹni rárá. Ohun tó o nílò ni kí ẹ̀ka kan ní Stanford náà gbà ọ́. NSF GRFP, fellowship ti ìjọba Amẹ́ríkà, wà fún sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọdún mẹ́ta ló ń sanwó fún, àmọ́ ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní gíríìn káàdì nìkan ni. Tí ọ̀rọ̀ tìẹ bá sì jẹ́ ti bàbá apòògùn yẹn, tó o ti kàwé jáde nílé tó o ní ìyọ̀ǹda láti ṣiṣẹ́, tí iṣẹ́ rẹ kò sì bá ìwé rẹ mu, àjọ Upwardly Global ń ran irú yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ kọ́.

Bí wọ́n bá mú ọ

Kó o tó jó, lọ sí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ ní ilé ìwé rẹ. Àwọn yunifásítì kan máa ń dín owó tiwọn kù tí owó ìta bá wọlé. Béèrè bóyá wọ́n lè yọ ọ́ lára yíyáwó dípò kí wọ́n yọ ọ́ lára ẹ̀bùn, kó o sì gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀.

Owó orí ńkọ́? Apá tó lọ sí owó ilé ìwé àti owó tó pọn dandan kò ní owó orí lórí. Apá tó o fi ń jẹun tó o fi ń sanwó ilé ní. Wọn kì í sábà yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ, nítorí náà ìwọ lo máa san án fúnra rẹ, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 1040-ES, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kìíní. Ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ ní báńkì lọ́jọ́ tí owó àkọ́kọ́ bá wọlé, kó o yọ ti ìjọba sínú rẹ̀, kó o tó fi èyíkéyìí ránṣẹ́ sílé.